Ẹ Ta Mí Lọ́rẹ Ẹ̀mí Kan

Àwọn tó ń pariwo pé ìṣọ̀kan ti wọ́n nílùú yìí, wọn ò tíì ta Candy Crush ni. Mo mọ ọ́fíìsì kan l'Ékòó tí ọ̀gá àgbà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí "ẹ káàárọ̀, sà" mẹ́sẹ́ńjà wọ òun létí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá ń kọjá lọ, ó yọjú wo fóònù ọwọ́ bàbá mẹ́sẹ́ńjà náà, ó dúró gbagidi. "Ìpele wo lo wà yẹn?" Bàbá ní, "2,140, sà." Ọ̀gá bọ́ awò ojú, ó wá àga fà. "Ẹ̀yin? Ẹ jọ̀ọ́, sà, báwo lẹ ṣe kọjá 1,800?" Ọjọ́ orí tí ò sọ bàbá di "ẹ̀yin" láti ọjọ́ yìí wá, súìtì ti sọ ọ́ dà á kí aago méjì tó lù.

Fún àwọn tí àrùn náà kò tíì ràn: súìtì aláwọ̀ kan náà mẹ́ta lẹ ó tò mọ́ra, wọn á pòórá. Tí mẹ́rin bá tò, ẹ rí súìtì onílà gbà; tí márùn-ún bá tò gbọọrọ, bọ́ọ̀lù dúdú alámì tó-tò-tó kan á yọ, èyí tó lè kó gbogbo súìtì aláwọ̀ kan mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni bá kùnà pàdánù ẹ̀mí kan. Márùn-ún péré ni ẹ̀mí, ìṣẹ́jú 30 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń padà. Ta ló fẹ́ dúró? Ẹ yáa sanwó, tàbí kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ibi ìtọrọ yìí ni King, ilé iṣẹ́ tó gbé géèmù náà sórí Facebook lóṣù kẹrin ọdún 2012, ti gbọ́n jù wá lọ. Ẹni tí ò lè yá yín ní ẹgbẹ̀rún kan náírà á ta yín lọ́rẹ ẹ̀mí láìwẹ̀yìn. Àǹtí mi méjì kan n'Ìbàdàn, wọn ò kíra wọn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ bàbá wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kì í sùn kó má fẹ̀mí ránṣẹ́ sí àbúrò. Ẹbí ti ṣèpàdé títí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n túká. (Ààlà náà ṣì wà bó ṣe wà.)

Àwọn òyìnbó pàápàá ò yè é. Lóṣù kejìlá 2014, ìwé ìròyìn gbé fọ́tò Nigel Mills, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde níbi tó ti ń to súìtì nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń jíròrò owó ìfẹ̀yìntì. Ó tọrọ àforíjì. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ká ní súìtì ni àwọn tó ń ṣọ́ owó ìfẹ̀yìntì tiwa ń tò láti àárọ̀ ni, owó náà ì bá ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí.

Ọ̀dájú ni àwọn kan sá. Lóṣù kẹwàá 2015, Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní Delhi. Nínú gbogbo ìbéèrè ayé, èyí tí àwọn èèyàn dìbò fún jù ni bí wọn ò ṣe ní rí ìpè Candy Crush mọ́. Ẹ̀mí ń bọ́ lára ọmọnìkejì, ẹ̀yin ń wá kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ máa fi tilẹ̀kùn!

Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ géèmù Activision Blizzard ra King ní dọ́là bílíọ̀nù 5.9. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Gbogbo "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí kan péré" tí àǹtí mi ń fi ránṣẹ́ lóru wà nínú ọjà tí wọ́n tà, ẹnikẹ́ni ò sì mú bisikíìtì kan wá kí wọn n'Ìbàdàn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀. Ká máa dá ẹ̀mí jọ bí àjọ, kí alájọ má sì sá lọ. Aṣọ ẹbí ti ń dá ìjà sílẹ̀ ná: àwọn kan ní àwọ̀ ọsàn, àwọn kan ní elésè-àlùkò. Oyè Ìyálóde náà ṣòro, nítorí ìyàwó pásítọ̀ tó gun ìpele jù ní òun ò fẹ́ kí ìjọ gbọ́. Ti ẹni tó fowó ra ọ̀nà kọjá ìpele ló le jù. Àwọn kan ní ká fi joyè Bàbá Ìsàlẹ̀ torí ó lówó lọ́wọ́. Èmi ní ká lé e. A ó dìbò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ò bá ní bátìrì tó, kó mú páwà báǹkì tirẹ̀ dání, torí ibi tá a fẹ́ lò ò ní jẹnẹrétọ̀.