Kí N Tó Kú, Kí N Dé Oníkan

Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ṣàngótẹ̀dó ní ìwé kan nínú fóònù rẹ̀ tí kì í fi han ìyàwó. Ẹ má ro ibi sí i o. Orúkọ obìnrin kọ́ ló kún inú rẹ̀, orúkọ ìlú ni. “Ohun méje tí mo gbọ́dọ̀ fojú rí kí n tó kú”: bó ṣe kọ ọ́ sókè nìyẹn, lẹ́tà ńláńlá, bí ẹni tó ń kọ ìwé ogún pínpín. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ oníkálukú ń bú ramúramù, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó ní, “Àbúrò, ìwọ tó ò ń kọ̀wé, bá mi wò ó bóyá ó pé.”

Mo wò ó. Ìkíní, ìdíje ọkọ̀ asáré ti Monaco, níbi tí àwọn olówó ti ń dúró nínú ọkọ̀ ojú omi wo ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ìkejì, Wimbledon. Ìkẹta, Arsenal ní pápá Emirates. Ọdún 2004 tí Arsenal gba líìgì láì pàdánù ìdíje kan ṣoṣo ni Alága bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí látìgbà náà. Ìkẹrin, Real Madrid àti Barcelona. Ìkarùn-ún, àwọn ẹran inú ọ̀dàn Serengeti ní Tanzania. Ìkẹfà, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìkeje, gígun òkè Kilimanjaro, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895. Alága yìí kan náà ló máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ dókè.

Mo ní, “Alága, ó pé. Owó nìkan ni mi ò rí níbẹ̀.”

Ó ní owó kọ́ ni wàhálà òun, físà ni.

Ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí èmi náà ṣì fẹ́ débẹ̀ lọ́jọ́ kan, gba owó rẹ̀, wọ́n ní kó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gba ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, wọ́n wá kọ lẹ́tà sí i pé kò dá àwọn lójú pé yóò padà sílé lẹ́yìn ìrìnàjò náà. Alága kà á sí mi létí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Èmi! Èmi tí mo kọ́ ilé síbí! Wọ́n ní mi ò ní padà sí Ṣàngótẹ̀dó!”

Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín níbi tí kò ti ní gbọ́: ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn mọ ohun tó ń sọ. Èmi tí mo ti ń gbé Ṣàngótẹ̀dó fún ọdún mẹ́sàn-án, tí mo bá dúró ní Ọbáléndé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í dá mi lójú pé màá padà sílé. Kì í dá ìyàwó mi náà lójú. Tó bá ti di agogo mẹ́wàá alẹ́, á dé oúnjẹ mi pa, á fọwọ́ lẹ́rán, á wá máa wo fọ́tò ìgbéyàwó wa.

Owó físà ọ̀hún kì í sì í padà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni àgbàlagbà ń san fún físà Schengen, wọ́n gbé e kúrò ní €80. Bí wọ́n fún ọ, owó ti lọ. Bí wọn ò fún ọ, owó ti lọ. Babaláwo tó bá ṣe irú ẹ̀, gbájúẹ̀ la máa pè é.

Àmọ́ kí ni ká tiẹ̀ máa wá kiri? Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn ìrìnàjò: Ṣàngó tẹ̀dó. Ẹ bá mi rò ó. Olúkòso, tó ń yọ iná lẹ́nu, tó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ló wá ṣe láàárín Ajah àti Awóyàyà? Èrò tèmi, tí òpìtàn kankan kò tíì bá mi fọwọ́ sí, ni pé Ẹ̀pẹ́ ni bàbá ń lọ. Ó dé ibí, ó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó dúró títí, ó sán àrá títí, mọ́tò kan ò mì. Ló bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní kí Ọya dáná. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwa tó kù ṣe débí. Ìkòyí là ń lọ. Owó ilé ló tì wá dé Lẹ́kìí, ó tún tì wá dé Ajah, ìgbà tó tì wá dé ibí, ó rẹ̀ ẹ́.

Kí n má bàa ba ìjọba jẹ́, wọ́n ti fi kọnkéré tún ọ̀nà náà ṣe láti Abraham Adesanya dé oríta Ẹlẹ́kọ. Iṣẹ́ gidi ni. Tẹ́lẹ̀, inú kòtò la máa ń dúró sí. Ní báyìí, orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ la ń dúró sí.

Ìkarùn-ún, Serengeti, ni mo bá Alága jà sí jù lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹran ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní wildebeest, tó jọ ẹfọ̀n lókè tó jọ ẹṣin nísàlẹ̀, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, tí wọ́n máa ń ṣí kúrò ní Tanzania lọ sí Kenya lọ́dọọdún láti wá koríko. Tí wọ́n bá dé etí odò Mara, wọ́n á kó jọ pelemọ, ọ̀kan ò ní fẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sómi nítorí ọ̀nì ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á máa ti ara wọn títí ọ̀kan á fi bẹ́. Gbogbo yòókù á ya tẹ̀lé e.

Mo ní, “Alága, ìgbà wo lẹ wọ danfo kẹ́yìn?”

Kò dá mi lóhùn. Ó ti ra mọ́tò. Nítorí náà mo ṣàlàyé fún un. Agogo márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, ní ibùdókọ̀ Ṣàngótẹ̀dó, ilẹ̀ ò tíì mọ́, èrò ti kó jọ pelemọ. Danfo ń bọ̀, kò ní dúró, á kàn dẹ eré. Kọ̀ńdọ́ dì mọ́ ẹnu ọ̀nà bí aáyá tó fò mọ́ igi: “CMS! Ọbáléndé! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Àwọn èrò ń wo ara wọn. Lójijì ọkùnrin kan tó wọ táì bẹ́. Ó parí! Gbogbo wa ya lu ilẹ̀kùn. Akáwó báńkì kan tí wọ́n ń pè ní “sà” lẹ́nu iṣẹ́ ń bá ìyá alágbàdo ja gídígbò, ìyá sì ń dá a, torí ìyá ti ń ja ìjà yìí kí wọ́n tó bí i. Abiyamọ kan ti gba ojú fèrèsé na ọmọ rẹ̀ wọlé ná kí òun náà tó rí ibi gbà. Ọmọ ti gba síìtì de ìyá. Ọ̀nì tiwa náà wà níwájú lọ́hùn-ún ní Ajah, wọ́n dúró sí ojú títì, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún dẹ́rẹ́bà.

Òyìnbó ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kó tó rí ti Mara. Tiwa, ọ̀fẹ́ ni, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹran ìgbẹ́ yẹn sì tún gbọ́n jù wá lọ: tí wọ́n bá ti sọdá, wọn kì í padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé ayé gan-an ti ń gbé eré wọn wá bá wa ní Èkó. Ní oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Máráthọ́ọ̀nù Èkó, láti pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè dé Eko Atlantic, kìlómítà 42 àti díẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ló gba ipò kìíní. Ó fi ẹsẹ̀ sá gbogbo rẹ̀ ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì fún un ní $50,000. Láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé Eko Atlantic yẹn kan náà kò tó kìlómítà 42 rárá. Èmi ń fi ẹ́ńjìnnì lọ, mo ń lo wákàtí mẹ́ta, owó ọkọ̀ sì ni mò ń san, kò sẹ́ni tó ń fún mi ní dọ́là. Àṣírí Kiptum ò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ti ọ̀nà pa fún un. Kí wọ́n ti ọ̀nà pa fún èmi náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ wo ohun tí màá fi danfo ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìdíje ọkọ̀ ojú omi E1 wá sórí ọ̀sà Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Didier Drogba, Rafael Nadal àti Tom Brady wà lára àwọn tó ní ikọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ yẹn kò mu epo bẹntiróòlù, iná mànàmáná ni wọ́n ń lò, wọ́n ń fò lórí omi láìpariwo. Ìlú tí a ti ń tan jẹnẹrétọ̀ ká tó lọ aṣọ ni ọkọ̀ oníná ti wá sáré! Níbo ni wọ́n ti rí iná gbà? Mo béèrè lọ́wọ́ Alága, ó ní tẹlifíṣọ̀n lòun ti wò ó, iná sì lọ kí wọ́n tó dé ìlà ìparí. Ọ̀sà kan náà yẹn ló gba ẹ̀yìn wa kọjá; èbúté Badore kò jìnnà sí wa. Bí àwọn ìjọba bá lè fi ìdajì ìtara tí wọ́n fi gba Drogba lálejò gbé èmi náà gba orí omi lọ síbi iṣẹ́, n kò ní béèrè Monaco mọ́ láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí kò ní ìwé ohun méje kankan. Mùṣin ló ń gbé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ó jẹ ẹ̀bà, ó wọ mólúè lọ sí Sùúrùlérè, ó dúró láàárín èrò tó kún bí eṣú, ó rí i bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ṣe gbá méjì wọlé tí Muda Lawal fi ẹyọ kan kún un, tí Nàìjíríà fi na Àlgéríà ní 3-0 tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti padà sílé. Títí ó fi kú, bí ẹ bá ní kó sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Pápá yẹn wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ ọ parí, àwọn asáré Máráthọ́ọ̀nù sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá rí bí pápá náà ṣe rí lónìí, eré ló yẹ kó sá.

Ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, ẹ jẹ́ ká yára kọjá níbẹ̀, egbò ọ̀hún ò tíì jiná. Kóńgò fi pẹnárítì lé wa dànù ní Rabat ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, kóòṣì wa sì jáde, ó ní oògùn ni wọ́n fi mú wa. Oògùn! Wọ́n fi oògùn mú àwa tí a ní Ṣàngó! Ó hàn pé wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá, ṣùgbọ́n Ṣàngótẹ̀dó ló ti ń bọ̀.

Lọ́rọ̀ kan, mo fún Alága nímọ̀ràn. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìrìnàjò kékeré dán ara wa wò. Ikorodu City wà ní líìgì àgbà wa láti ọdún 2024, pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Alága tó lè dárúkọ àwọn ọmọdé tó wà lórí bẹ́ǹṣì Arsenal, kò mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City kan ṣoṣo. Ojú tì í díẹ̀, ó gbà. A fi ọjọ́ Àìkú sí i. Agogo mẹ́rin ni eré. Agogo kan ọ̀sán la gbéra. Ìyàwó rẹ̀ di jọ̀lọ́ọ̀fù fún wa sínú kúlà, ó gbàdúrà fún wa lẹ́nu géètì, gbogbo ọmọ ilé juwọ́ sí wa. Ẹ ó rò pé Mẹ́kà là ń lọ.

Abraham Adesanya, a kọjá. Ajah, a kọjá, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, kò sì yẹ kí n jẹ́ kó dùn. A dé Chevron, ọkọ̀ àjàgbé kan ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ níwájú, ó fi títì ṣe ibùsùn. Agogo mẹ́ta lù. Agogo mẹ́rin lù. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. A ra gàlà, a ra omi inú ọ̀rá, ọmọ kan ta ṣájà fóònù fún wa tí kò ṣiṣẹ́. Ní agogo márùn-ún kọjá, a gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń gbá ìlàjì kejì.

Ibi tí a dúró sí, igbó ọgbà Lekki Conservation Centre ló kọjú sí wa. Afárá orí igi tó gùn jù ní Áfíríkà wà nínú ẹ̀, mítà 401, Alága sì ti ń gba iwájú ẹ̀ kọjá láti ọdún tó ti kọ́lé láì yà síbẹ̀ rí. Ọ̀bọ kan jáde sórí fẹ́ǹsì. Ó jókòó. Ó ń wò wá láti orí mọ́tò dé orí mọ́tò, ó ń họ ara, bí ẹni tó sanwó ìwòran. Lẹ́yìn náà ó pe èkejì rẹ̀ wá.

Alága wò wọ́n títí. Ó fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé Serengeti ló ń pa rẹ́. Ìgbà tó gbé e fún mi ni mo rí i pé ohun méje ti di mẹ́jọ. Lábẹ́ Kilimanjaro, ó ti kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: ONÍKAN.

“Àbúrò,” ó ní, “bá mi wò ó. Ṣé iwájú Kilimanjaro ló yẹ kó wà, àbí kí n kọ́kọ́ gun òkè yẹn ná?”