Ahun Tó Gba Òdo

Ìwọ Nọ́ńbà Gàgàrà, dìde ká rí ọ! Rárá, jókòó síbẹ̀. Bí o bá nàró, a ò ní rí orí rẹ. Díjíìtì 41,024,320! Bí akígbe bá ń pe díjíìtì rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìmumi, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta á kọjá kó tó pè ọ́ tán. Ta ló fẹ́ fi irú ẹ sí ìwé ìpè ìgbéyàwó?

Bẹ́ẹ̀ la mọ bí wọ́n ṣe bí ẹ. Wọ́n to 2 kalẹ̀ ní ìgbà 136,279,841, wọ́n sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra, wọ́n yọ 1. Ìwọ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà, tí kò mọ̀ ju 0 àti 1 lọ, ti rí ìhòòhò ẹ: bó bá bọ́ agbádá mílíọ̀nù yẹn lọ́rùn ẹ, 1 lásán ló tò bí egungun ìhà láti òkè délẹ̀.

Ahun sì tún ni ẹ́. 2 kanlẹ̀kùn lọ́dọ̀ 12, ó ṣí i. 3 dé, ó ní kó wọlé. 4 àti 6 jẹun yó. Ìwọ práìmù, àfi 1 àti ìwọ fúnra ẹ. Ẹlòmíràn tó bá ní kóun pín ẹ, á ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Nítorí ẹ ni Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, ṣe ń lo ẹ̀rọ káàkiri orílẹ̀-èdè 17. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ẹ̀rọ kan ní Dublin fura sí ẹ pé práìmù ni ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn ní San Antonio ní Texas gbé ìdánwò fún ẹ. Irú ìdánwò wo? Ẹ wo bí 7, ẹ̀gbọ́n ẹ kúkúrú tí wọ́n bí lọ́nà kan náà, ṣe ṣe tiẹ̀: 4 lọ́nà 4 di 16, yọ 2, ó ku 14, fi 7 pín in, àṣẹ́kù jẹ́ òdo. Ó yege! Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tìẹ, ìgbà 136,279,839 ni wọ́n tún un ṣe, òdo náà lo padà gbà. Nílé ìwé tiwa, ẹni tó bá gba òdo ń jẹgba ni. Ìwọ gba òdo, ayé ń pàtẹ́wọ́!

Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń fi práìmù ti ilẹ̀kùn owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, onídíjíìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n ń gbà, aláṣìírí sì ni wọ́n fẹ́. Ìwọ tí gbogbo ìwé ìròyìn ti ròyìn ẹ!

Ẹni tó wà lórí oyè práìmù tó tóbi jù tí a mọ̀ láti 2018 kó o tó dé, díjíìtì 24,862,048 ló fi ń yangàn. Ẹ bá wa bi í bó ṣe sùn lóru tí wọ́n kéde ẹ.

Ó kù tọmọ ẹ. 7 bí 28: àwọn tó ń pín 28 dọ́gba, yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀, 1, 2, 4, 7 àti 14, bí wọ́n bá kóra jọ, 28 náà ló pé géérégé. Ìwọ náà bí irú ẹ̀, díjíìtì ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 82, ó sì ń bá èrò rẹpẹtẹ pín nǹkan. Ọmọ tó ga tó ẹ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún lawọ́ báyẹn, ṣé ó dá ẹ lójú pé ìwọ ni bàbá ẹ̀?