Irin Tó Ń Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Rọ́bà

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé kí rọ́bà máa pàṣẹ fún irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá. Mi ò ní lù ú. Mo kàn fẹ́ kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò mẹkáníìkì mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa gbọ́ "Dádì, ó ti ku díẹ̀," kó sì máa fi owó ara rẹ̀ ra omi inú ọ̀rá mu.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Glas 1004, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1962, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé bẹ́líìtì eléyín sínú ẹ́ńjìnnì. Kó tó dìgbà náà, ṣéènì ni, tàbí gíà. Ẹ wò ó, ṣéènì lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ti ń gbó, á máa ké ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́, kódà onílé á yọjú wá bi yín pé kí ló ń dún. Bẹ́líìtì ńkọ́? Kò jẹ́ sọ nǹkan kan. Abẹ́ ìdérí ike ló jókòó sí, ó dákẹ́ bí àna tí ẹ ò tíì sanwó ìdána tán fún. Ọjọ́ tó bá fọhùn, ilé dàrú.

Ògèrè ni tèmi ti fọhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn mọ Ògèrè: tìrélà lọ́tùn-ún, tìrélà lósì, mẹkáníìkì díísù lọ súà. Lójú eré ni ọkọ̀ kú, kò rú èéfín, kò kígbe. Mo ní ọpẹ́ ni, pé bí ọkọ̀ díísù yóò bá kúkú bà jẹ́ lọ́nà, ibi tí àwọn tó mọ díísù kún sí ló yẹ kó bà jẹ́ sí. Wọ́n yí mi ká. Ọ̀gá kan ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ọ́ padà, ó rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, èyí kì í ṣe tiwa o. Gíà ló ń yí ti tìrélà. A kì í bá rọ́bà ṣeré níbí." Kí n tó ráyè dáhùn, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sórí àga dírẹ́bà, ó ń kíìkì ẹ̀. Gbogbo kíìkì yẹn, mo padà gbọ́ pé fáàfù ló ń tẹ̀. Ọ̀gá náà wá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ ra díísù kékeré?" Wọ́n so mí mọ́ ìdí ọkọ̀ agbégi kan, ó wọ́ mi délé.

Ta ló ní kí n rà á? Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ló ní kí n rà á. Ọjọ́ yẹn ni ààrẹ tuntun dúró ní Àbújá, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù gbẹ́sẹ̀ sókè, kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi, tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì jọ pé yóò ní in láìpẹ́, ló ní díísù kì í jẹun. Òótọ́ ló sọ. Kì í jẹun. Owó ló ń jẹ.

Ẹni tó tà á fún mi ní ọkọ̀ ìyá arúgbó kan ni ní Jámánì, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wà á lọ. Ìyá yẹn á ti di ẹni mímọ́ báyìí, nítorí kò sí tòkunbọ̀ kan ní Nàìjíríà yìí tí kò wà lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mítà ọkọ̀ bá a jẹ́rìí. Ibẹ̀ ló ti ń bí mi nínú jù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé bó bá ti rìn tó báyìí, tàbí tó pé ọdún báyìí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì, torí rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ wà lórí ìdúró. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà tí wọ́n ti yí sẹ́yìn, ta ni yóò ka ìwé sí létí? Ìwé náà rèé nínú àpótí iwájú ọkọ̀ o, èdè Jámánì ni láti páálí dé páálí.

Báyìí, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń sọ pé, "Àh, bẹ́líìtì lásán!" Lásán kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi owó mi kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀, á fún un títí kò fi ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ náà á gbóná débi pé bí nọ́sù bá ti tu epo sí i, iná sọ nìyẹn. Kó tó lè fún un bẹ́ẹ̀, písítìn ní láti gòkè títí àyè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lókè. Àyè kan náà ni fáàfù ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé. Bẹ́líìtì ló ń pín àsìkò fún wọn: kiráǹkì tó so mọ́ písítìn á yí ẹ̀ẹ̀mejì, kámùṣáàfù tó ń ṣí fáàfù á yí ẹ̀ẹ̀kan, pọ́ńpù epo náà á yí ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá wá já, kámùṣáàfù á dúró síbi tó bá dé, fáàfù tó ṣí á wà ní ṣíṣí, písítìn ò sì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń bọ̀ tagbáratagbára. Gbàù!

Ọkùnrin tó dá irú ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀, Rudolf Diesel, wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, ó ń lọ sí Ìlú Ọba. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò bá a ní yàrá rẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti padà rí òkú rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó pa á. Èmi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn rí i pé ọjọ́ 29 kò bá àwa onídíísù lára mu.

Mẹkáníìkì mi kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tú tọ́pù sìlíńdà, ó da bẹntiróòlù sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó ní ká máa wo ìdí fáàfù, pé èyí tó bá ti tẹ̀ á máa jò. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ó da ti àkọ́kọ́, ó jò. Ó da ìkejì, ó jò. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, mo ní kó yé dà á mọ́, bẹntiróòlù tó ń ṣòfò sílẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe owó ni?

Ti gásíkẹ́ẹ̀tì ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù fún ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo yìí, oríṣi mẹ́ta ni! Ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: oníhò kan ló fẹ́lẹ́ jù, oníhò mẹ́ta ló nípọn jù, ohun tó sì wà láàárín oríṣi kan àti èyí tó tẹ̀ lé e kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹ ó kọ́kọ́ wọn bí písítìn ṣe yọrí tó kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ máa rà. Mẹkáníìkì wọ̀n ọ́n, ó ní oníhò méjì. Mo gba ọjà páàtì lọ ní Gẹ́ètì, n'Ìbàdàn. Ọmọ tó ń tajà gbé oníhò mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Mo ní méjì ni wọ́n ní kí n rà. Ó ní, "Bàbá, a tún fi ẹyọ kan lé e fún yín, ẹ ò sì fowó kún un." Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé ihò yẹn ló ń dà mí láàmú, gọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, òun á bá mi dí ọ̀kan.

Nígbà tí mo wá rí oníhò méjì rà, tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe táímìn, àwùjọ pé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń de kámùṣáàfù mọ́lẹ̀, àti ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń tì bọ pọ́ńpù kó má baà mira. Lábẹ́ igi máńgòrò, ìdí bíìtì tí káfíńtà fi ń dá igi lu ló di ọ̀pá, àjẹkù irin ìlẹ̀kùn ló di pẹlẹbẹ. Ó sì dè é! Wọ́n fa bẹ́líìtì tuntun wọ̀ ọ́, mẹkáníìkì mú sípánà, ó ń fi ọwọ́ yí kiráǹkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kó lè rí i bóyá àmì máa padà sójú àmì. Fúkanáísà ẹ̀gbẹ́ ní kí ló dé tí wọn ò kíìkì ẹ̀. Mẹkáníìkì ò dá a lóhùn. Eyín kan ni àmì fi yẹ̀. Ó tú u, ó tún un fà. Nígbà tí wọ́n wá kíìkì ẹ̀, ó tú èéfín funfun síta, ó wúkọ́, ó gbà. Mo jó. Fúkanáísà pàápàá jó.

Ẹsẹ̀ mi ò tíì kúrò lójú ijó tí omi fi ń kán lábẹ́ ọkọ̀.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Dádì, pọ́ńpù omi ni. Bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí i. A ní láti tú u padà."

Mo ní, "Ṣé o ò rí i nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà ní títú ni?"

"Mo rí i, Dádì. Mo rí i pé owó ti ń tán lọ́wọ́ yín ni mi ò fi sọ ọ́."

Mo ní bẹ́líìtì tuntun yìí ńkọ́, ṣé á ṣeé dá padà síbẹ̀? Ó fọwọ́ kàn án, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní omi rédíétọ̀ ti rin ín, àfi ká ra òmíràn.