Tiwa Ló Kéré Jù

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpòòwé ìdíje iṣẹ́ pílásà kan ní ìlú Oǹdó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye owó tí agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tiwa ló ṣìkẹrin. Akọ̀wé kà á, ó dákẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un kà. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Họ́wù!" Ọ̀gá mi gbá mi léjìká, inú rẹ̀ dùn débi pé kí a tó kúrò ní Oǹdó, ó mú mi lọ jẹ iyán. Òkèlè kejì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bi ara mi pé: kí ni àwọn yòókù rí tí èmi kò rí?

Èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì FUTA nìyẹn: kí n gba àwòrán lọ́wọ́ ayàwòrán ilé, kí n wọn ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ láti ihò ìpìlẹ̀ dé ìṣó orí páànù, kí n fi owó ọjà àti owó òṣìṣẹ́ sí i, kí ọ̀gá mi lè mọ iye tó máa sọ. Ẹgbẹ́ àwa sọ̀féyọ̀ tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́ ti wà láti 1969, òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wa ní òǹtẹ̀ sílẹ̀ láti 1986. Síbẹ̀, bí mo bá ti ní sọ̀féyọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́, wọ́n á rò pé ti ilẹ̀ ni, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn wá píllà ilẹ̀ wọn. Ìyá kan ní Ìjàpọ̀ gbé àdá lé mi lọ́wọ́ rí, a jọ wọ igbó ẹ̀yìn ilé lọ. Ojú tì mí láti sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. A wá píllà náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo tún àwòrán Oǹdó ṣí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n kọ òǹkà sára ilé fúnra rẹ̀ dáadáa. Ògiri ọgbà ni wọn kò kọ nǹkan kan sí. Orí ìwé A1 ni ayàwòrán ya ọgbà náà sí. Èmi, nítorí owó ìwé, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi sórí A3, tí kò ju ìdajì A1 lọ ní gígùn àti ní ìbú. Mo gbé rúlà lé e, mo ka 120 mítà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì lọ sùn. 240 ni. Ní igun ìwé náà, ayàwòrán ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi rúlà wọn àwòrán òun. Gbólóhùn yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ọgbà náà ga ní mítà 2.4. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án mẹ́wàá ló ń wọ mítà kan ní òró àti ní ìbú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 2,880 búlọ́ọ̀kù ni mo gbàgbé. Bí àpò sìmẹ́ǹtì kan bá mọ bíi 30, àpò 96 ti lọ kí a tó dárúkọ ìpìlẹ̀, òpó, irin àti owó bírìkìlà.

N kò sọ fún ẹnì kan. Mo ní màá rí i fà yọ lára irin. Nígbà tí irin dé, èyí tó yẹ kí ó gùn ní mítà 12 kò gùn tó bẹ́ẹ̀, àwa ni wọ́n tún fa nǹkan yọ lára wa.

Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn bírìkìlà ló tú mi fó. Kò mú téèpù dání. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà yíká, ó ń kà lábẹ́ ètè; bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kí i lójú ọ̀nà, á dáhùn, á bi í léèrè ìyàwó àtọmọ, á sì máa bá kíkà rẹ̀ lọ láti ibi tó dé. Nígbà tó yí i ká tán, ó ní, "Sọ̀féyọ̀, ọmọ mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà búlọ́ọ̀kù ni ọgbà yìí máa jẹ o, àti èyí tó máa fọ́."

Mo ní, "Bàbá, nínú ìwé, kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

Ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀. "Ó dáa," ó ní, "orí ìwé náà ni kí wọ́n kọ́ ọ sí."

À bá ṣì gbé e mì bí kì í bá ṣe ìgboyà mi. Fọ́ọ̀mù ìdíje bi wá bóyá iye wa lè yí padà bí ọjà bá wọ́n. Mo kọ ọ́ pé kò ní yí rárá, kí wọ́n lè rí wa bí ilé iṣẹ́ tó dúró gbọn-in. Ìyẹn ṣáájú kí Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, àti kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, iṣẹ́ ń falẹ̀ wọ ọdún 2024, sìmẹ́ǹtì tí mo ṣírò ní nǹkan bí ₦5,000 sì fo kọjá ₦10,000. Ní oṣù Kejì, mínísítà iṣẹ́ òde bá àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Mo fi ìròyìn náà pamọ́ sórí fóònù, mo gbé e lọ bá ìyá tó ń tà á fún wa ní Àkúrẹ́. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó dá fóònù mi padà.

"Ó dára gan-an," ó ní. "Ẹ lọ rà á lọ́wọ́ mínísítà."

Nígbà tí ọ̀gá mi wá mọ gbogbo rẹ̀, kò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Kì í kúkú ṣe àkọ́kọ́. Mo ti ṣírò ìpìlẹ̀ ilé ìtajà kan lọ́nà Ìdànrè rí bíi pé ilẹ̀ rírọ̀ ni, ní Àkúrẹ́ níbí, níbi tí òkè àpáta ti ń wo èèyàn lójú láti gbogbo ìhà. Ìgbà tí dígà bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà ni mo rántí pé àpáta náà ní owó tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n máa wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Oǹdó, ó lé ní 40 kìlómítà, láti máa bá Bàbá ka búlọ́ọ̀kù títí ọgbà fi máa parí. Láàárín ìyá alátẹ àti àpò kòkó, mo ń gba Bọ́lọ́rundúró kọjá, òǹtẹ̀ mi wà nínú báàgì.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, Àkúrẹ́ ló wà. Mo ní n kò ní ṣe òmùgọ̀ mọ́. Mo fi owó àìròtẹ́lẹ̀ sí ara ohun kọ̀ọ̀kan, mo tún fi sí abẹ́ abala kọ̀ọ̀kan, mo sì fi kún àpapọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo wọn ọgbà pẹ̀lú téèpù lórí ilẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mo fi àpáta sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkùrọ̀ ni ibẹ̀.

Wọ́n ka ti àwọn yòókù, wọ́n ka tiwa. Ìyá àgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n tún un kà, ó wá yíjú sí ọ̀gá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ra ilẹ̀ fún wa ni?"

"Rárá o, Màmá," ọ̀gá mi dáhùn. "Sọ̀féyọ̀ wa ló ṣírò rẹ̀."