Tíì Ló Dójú Tì Mí

Nílé wa ní Ìbàdàn, ohun gbígbóná yòówù tí a bá fi búrẹ́dì mu, tíì ni. Mílò, tíì ni. Bọ́nfítà, tíì ni. Èyí tí aráyé ń pè ní tíì gan-an, Líptọ́ọ̀nù là ń pè é, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Nígbà tí mo wá dé ìlú Leeds láti máa tọ́jú àwọn arúgbó, tí ọ̀gá wa ní kí n po tíì fún màmá kan, mo fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, "Ṣé Mílò ni àbí Bọ́nfítà?" Ó wò mí bí ẹni pé mo bèèrè bóyá kí n ta epo pupa sí i.

Ìyẹn kéré. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, màmá yìí bi mí pé kí ni tíì tòní. Mo ní, "Tíì ni, Mà." Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé tíì ni, kí ni tíì ọ̀hún? Mo rò pé ogbó ló ń ṣe wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Ewé ni, Mà. Wọ́n sá a gbẹ, wọ́n wá da omi gbígbóná lé e lórí." Màmá ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín ni, àbí kí àwọn sunkún. Mo po ife kan fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n tún bèèrè tíì. Mo tún pò ó. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa dé, tí wọ́n bèèrè bóyá màmá ti rí tíì wọn, àyà ni mo gbá pé, "Wọ́n ti mu ún yó!" Láti pálọ̀ ni màmá ti lọgun pé irọ́ ni, ohunkóhun ò kan ẹnu àwọn láti ọ̀sán.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni tíì. Ẹja àti pòtétò díndín ni tíì màmá lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ ọ̀sán ni púpọ̀ nínú wọn sì ń pè ní dínà, bẹ́ẹ̀ wọn ò dí ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Mo wá sọ ara mi di olùkọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ti ní ìmọ̀ràn fún un: "Bí wọ́n bá pè ọ́ sí tíì, má jẹun kúrò nílé o!" Ìmọ̀ràn yìí náà ni mo tẹ̀ lé nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé, pè mí sí tíì ní Surrey, lápá gúúsù. Ààwẹ̀ ni mo gbà lọ. Wọ́n gbé ife kan wá tí ọmọ ìkókó lè mu tán, pẹ̀lú bísíkíìtì tín-ín-rín. Mo mu tíì tán, oúnjẹ ò tíì dé. Mo yin òdòdó wọn. Mo yin ológbò wọn, èmi tí mi ò fẹ́ràn ológbò. Oúnjẹ ò tíì dé. Níkẹyìn, ìyá bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ọkọ̀ ojú irin mi ò ní í lọ.

Wọ́n ní ìyàwó Duke ti Bedford kan, Anna, ló sọ tíì ọ̀sán di àṣà àwọn ọlọ́lá ní nǹkan bí ọdún 1840, torí pé oúnjẹ alẹ́ wọn máa ń pẹ́ kó tó délẹ̀. Obìnrin náà fi tíì lé ebi. Èmi fi ebi dúró de tíì.

Mo rò pé mo ti gbọ́n tán kí n tó lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Atlanta, ní Georgia l'Amẹ́ríkà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì, torí ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu. Ife ńlá kan dé, yìnyín kún un dẹ́nu, ṣúgà rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ lẹ eyín mi pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mu ún ní Georgia. Ẹni tó bá fẹ́ gbígbóná gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń wá bí n ó ṣe sá fún ife yìí nígbà tí ọmọ àbúrò mi sún mọ́ mi, tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ da tíì yẹn sílẹ̀ jàre."

Ọlọ́run ló rán ọmọ yìí sí mi! Kíá ni mo gbéra. Mo da tíì sí síǹkì, mo fọ ife, mo súre fún un.

Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òfófó ló ń bèèrè. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, òfófó ni tíì. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tó máa ń múra bí obìnrin lórí ìtàgé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fẹ́ gbọ́ ta ni ìyá òun fẹ́ fẹ́ kí bàbá òun tó dé. Hẹ́ẹ̀, èyí tí mo mọ̀ nìyẹn! Mo fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Mi ò tíì débi lẹ́tà tí ìyá àgbà já gbà nígbà tí àbúrò mi yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí là ń sọ.

Ọmọ ní, "Tíì là ń mu, Mọ́mì."