Wọ́n Perí Akọni, Wọ́n Fi Àtàǹpàkò Lalẹ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá perí akọni, à ń fi idà lalẹ̀. Ayé ìgbà tí akọni ṣì lè yọjú lójijì bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nìyẹn, tí ẹni tó dárúkọ náà sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun múra sílẹ̀. Lóde òní, àtàǹpàkò la fi ń lalẹ̀, ojú fóònù sì ni ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò lu ẹ̀fọn pa rí ni yóò pe Muhammad Ali dìde nínú ibojì, tí yóò ní kí Mike Tyson kúrò lórí àga tó jókòó jẹ́ẹ́ sí, kí àwọn méjèèjì wọ ìbọ̀wọ́ wá jà kí òun wòran.

Ẹ dúró lálẹ́ ní kafetéríà èyíkéyìí lẹ́bàá títì tó ti Sakété lọ sí Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí ẹni tó ń ta tíì tó da mílíìkì inú agolo sínú ife, kó tó din ẹyin sórí sùpàgẹ́tì, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé zémidjan, ọ̀kadà tó fi ń gbé èrò, ti tábìlì tí wọ́n to ìgò epo bẹntiróòlù kpayo sí yóò sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Ali ò lè rí ráúndì mẹ́ta níwájú Tyson." Ẹ̀gbọ́n yóò gbé ife kalẹ̀. "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Ṣé wọ́n ti bí ọ nígbà tí Ali na Foreman ní Kinshasa?" Ọdún 1974 nìyẹn, wọn ò tíì bí ẹ̀gbọ́n náà. Ẹnì kẹta, tó ń jẹun lọ ní tirẹ̀, yóò ní Anthony Joshua ni yóò na àwọn méjèèjì, nítorí pé ará Ṣàgámù ni. Ẹ̀rí tó mú wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Pobè, Ali ló máa ń borí. Kí zémidjan tó gbé ọ dé Sakété, Tyson ti dá a dùbúlẹ̀.

Ní agbègbè Pobè yìí kan náà, àwọn Ọ̀họ̀rí gbéjà ko ìjọba Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lórí tiwọn nídìí tíì. Akọni tí kò ní fídíò, ta ni yóò gbè é?

Àmọ́ Pobè àti Sakété kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní 1967, oníṣòwò kan ní Miami, Murray Woroner, kó ìtàn àwọn akànṣẹ́ ńláńlá sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kó sọ ẹni tí yóò na ẹnì kejì, ó sì gbé e sórí rédíò bí ìgbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ní Jim Jeffries, tó ja ìjà ìkẹyìn rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá Ali, na Ali. Ali gbé Woroner lọ sí kóòtù. Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ ni pé ní 1969 òun àti Rocky Marciano wọ ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n ń díbọ́n ìjà ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan. Marciano, tó ti fi ìjà sílẹ̀ láti 1956 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án rí, de wíìgì wá síbẹ̀. Kò rí èsì náà: ọkọ̀ òfurufú já, ó sì bá a lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Nígbà tí fíìmù jáde ní oṣù Kìíní 1970, Marciano ló gbá Ali lulẹ̀ ní ráúndì 13 lójú àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí wọ́n gbé lọ sí Yúróòpù, Ali ló borí. Kọ̀ǹpútà náà mọ ibi tí zémidjan gbé òun dé. Ali fi ṣẹ̀fẹ̀ pé Alabama ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ojú aláwọ̀ dúdú ti rí màbo láyé ìgbà náà.

Kò sì sẹ́ni tó ń béèrè òṣùwọ̀n. Marciano kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 85 lọ nígbà tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Joshua tó bíi kílò 114 nígbà tí Daniel Dubois gbá a lulẹ̀ ní Wembley ní oṣù Kẹsàn-án 2024. Iye ráúndì ńkọ́? 15 ni Ali ń múra sílẹ̀ fún, 12 ni ti Joshua. Ikú Duk Koo Kim, ọmọ Kòríà, lẹ́yìn ìjà kan ní 1982 ló fà á tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kù.

Iyàn jíjà ò bí mi nínú. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń jà á rò pé ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìdáhùn. Ìran kan ti bá ìran kejì jà lójú gbogbo ayé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹwàá 1951, gbèsè owó orí lé Joe Louis, ọmọ ọdún 37, padà sójú ìjà. Marciano gbá a lulẹ̀ ní ráúndì 8, ó sì lọ sunkún fún un ní yàrá tó ti ń múra. Ní oṣù Kẹwàá 1980, Larry Holmes, tó ti ń bá Ali ṣe ìdánrawò tẹ́lẹ̀, lu Ali, ọmọ ọdún 38, fún ráúndì 10. Ali kò borí ẹyọ kan nínú wọn kí àwọn tirẹ̀ tó ní ó tó. Holmes náà sunkún. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kìíní 1988, Holmes fúnra rẹ̀ ti pé ọdún 38, ó sì padà wá pàdé Tyson, ọmọ ọdún 21. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣubú ní ráúndì 4. Tyson kò sunkún.

Ó kan òun náà. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ní Texas, wọ́n gbé ọmọ ọdún 58 yẹn síwájú Jake Paul, ọmọ ọdún 27, wọ́n gé ráúndì sí ìṣẹ́jú méjì-méjì kí bàbá lè mí, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé e fún ọmọdé. Kí agogo ìkẹyìn tó lù, Paul dáwọ́ dúró, ó tẹríba fún Tyson. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹni tó fi idà ṣá akọni tán kó tó rántí fi lalẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dárúkọ George Foreman, tó gba bẹ́líìtì padà ní 1994 ní ọmọ ọdún 45, tó gbá Michael Moorer, ọmọ ọdún 26, lulẹ̀ ní ráúndì 10. Òótọ́ ni. Ráúndì 9 tí Moorer ti kọ́kọ́ fi ń lù ú ni wọn kì í sọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé ta ni yóò borí, yálà Pobè ló wà ni o, yálà Sakété ni, kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí àwọn méjèèjì fún mi lọ́jọ́ ìjà. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kéré ni màá ta tẹ́tẹ́ lé, àfi bí àgbà inú wọn bá jẹ́ Foreman.