Bí Ọ̀run Bá Ń Ya Bọ̀, Ta Ló Ń Fà Á?

Àwọn àgbà ní, "Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan." Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí kò rí oorun sùn ni wọ́n máa ń fi òwe yìí tù nínú. Wọ́n ń sọ fún un pé bí ibi bá dé, gbogbo wa ni yóò bá, nítorí náà kó fọkàn balẹ̀, kó lọ jẹun. Òwe tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní Ìgànná wa yìí, àti káàkiri Òkè-Ògùn, a ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan" ti di "kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni." Ọ̀nà bàjẹ́, wọ́n ní ìgbà ìkẹyìn ni. Òjò kọ̀ kò rọ̀, ìgbà ìkẹyìn ni. Akápò ẹgbẹ́ kó owó ẹgbẹ́ jẹ, àwọn àgbà ìjọ á mi orí, wọ́n á ní Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí Tímótì tẹ́lẹ̀ pé àwọn olùfẹ́ owó yóò pọ̀. Akápò náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ ṣe "Àmín."

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní kèfèrí o. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì gbà pé Jésù ń bọ̀. Mo ka Mátíù orí kẹrìnlélógún bí gbogbo yín ṣe kà á: ogun, ìyàn, ìmìtìtì ilẹ̀, àti ìfẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò di tútù. N kò fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹsẹ kẹrìndínlógójì wà nínú orí kan náà, níbi tí Olúwa fúnra rẹ̀ ti ní ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ náà, àwọn áńgẹ́lì pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tiwa á kà á dé ẹsẹ karùndínlógójì, wọ́n á pa Bíbélì dé, wọ́n á mú fóònù.

Àwọn tó dá ọjọ́ ti pọ̀ láyé. William Miller, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wàásù títí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi mú ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1844. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Harold Camping náà mú ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Nígbà tó yẹ̀, ó ní oṣù kẹwàá ni. Ìyẹn náà tún yẹ̀. Ní Shakahola lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, lọ́dún 2023, ó ju òkú 400 lọ tí wọ́n hú jáde nínú igbó, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní agbègbè Valentino nílùú Oǹdó, wọ́n sì kó ènìyàn 77 jáde. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ṣe sọ ọ́, igbákejì pásítọ̀ ibẹ̀ ló ní ìgbàsókè yóò wáyé ní oṣù kẹrin. Oṣù kẹrin kọjá, ó sún un sí oṣù kẹsàn-án bí ẹni ń sún ọjọ́ ìdáná, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì pa ilé ìwé tì láti wá dúró de ọ̀run. Oṣù kẹsàn-án dé, ó sì lọ. Àwọn ọmọ yẹn ti pàdánù ìwé kíkà.

Ṣé ẹ rí i, a ò tí ì gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ìgànná. Ọgbọ́n wà nínú tiwa. A kì í dá ọjọ́, nítorí ẹni tó bá dá ọjọ́ ni ojú ń tì. Ìgbà tí Jésù ń bọ̀ kíákíá àti ìgbà tó ń fà sẹ́yìn nìkan la máa ń yàn. Ẹ bẹ ìjọ pé kí wọ́n dáwó kànga fún ìlú, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará, ayé yìí ti ń parí lọ, ẹ jẹ́ ká to ìṣúra wa jọ sókè ọ̀run." Ẹ wá jókòó títí ìkéde yóò fi dé orí ilé ìjọsìn tuntun tí ọdún mẹ́wàá kò ní parí. Ẹ ó gbọ́ "bí Olúwa bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn" ní ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì márùn-ún ní ẹ̀yìn ìlú, tó sì fi àfọ́kù ìgò gúnlẹ̀ sórí ọgbà, gbàgbọ́ dájú pé ayé ò ní lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ pé.

Ẹ rántí ti nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àmì ẹranko inú Ìfihàn orí kẹtàlá ni. Mọ́kànlá ni nọ́ńbà inú rẹ̀, mẹ́ta ni 666, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka nǹkan? Wòlíì kan á ní kí ìjọ òun má gbà á, ohùn rẹ̀ á sì ti orí WhatsApp dé Ìwéré-Ilé. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba ní kí wọ́n dí ìpè lórí láìnì tí a kò tíì so pọ̀ mọ́ NIN. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó sá fún ẹranko ti tò sórí ìlà láti ìdájí. Wọ́n fara da ìnira ìgbà ìkẹyìn, ṣùgbọ́n wọn ò lè fara da fóònù tí kò lè pe ìpè.

Àwọn ará wa mùsùlùmí náà kò gbẹ́yìn. Àmì ọjọ́ ìkẹyìn kún inú wáàsí wọn. Bó bá kan ká di ẹ̀bi ru ìgbà, ẹ̀sìn méjèèjì ti di ọ̀kan ní Òkè-Ògùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ òjò àti igi tí a ń gé. Ẹ gba ọ̀nà Òkehò jáde ní Ìgànná ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n rọ ọ́ kún títí ó fi ga ju ẹnu àpò lọ, wọ́n fi koríko dé e lórí, wọ́n fi okùn hun ún. Igi tútù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ́ ẹ ní ìtì, wọ́n á tò ó jọ gègèrè, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á wá rọ́ yẹ̀pẹ̀ lé e kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Bí wọ́n bá tiná bọ̀ ọ́, kò ní jó, yóò kàn máa rú èéfín fún ọjọ́ bí mélòó kan. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá gbàgbé tó sùn, tí yẹ̀pẹ̀ ya níbì kan, iná á gba ibẹ̀ yọ, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹni tó ń ṣe é kì í sùn, ó sì mọ̀ dáadáa pé ojú kan tó ya lórí yẹ̀pẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni yìí kan náà, ní ọjọ́ Àìkú, á ní òun ò mọ ohun tó ń ba ayé jẹ́.

Àyín ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, nítorí èédú rẹ̀ le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Nígbà tí àyín dọ̀wọ́n, wọ́n kọjú sí igi emi àti igi ìgbá, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi òrí àti irú inú wọn tọ́ ọmọ. Igi emi kan kì í sábà so kó tó pé ọdún 15 sí 20, ó sì lè lo igba ọdún láyé. Bàbá bàbá ẹni kò gbìn ín, ó kàn rí i lóko, ó sì ro oko yí i ká. Ẹ̀rọ agégi kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fòfin de kíkó èso emi tí a kò tíì fún jáde nílẹ̀ yìí fún oṣù mẹ́fà, torí kí èrè rẹ̀ lè dúró sílé. Wọ́n ń ṣèpàdé nítorí èso rẹ̀ ní Àbújá, àwa sì ti fi igi rẹ̀ sínú àpò ránṣẹ́ sí Èkó.

Wàyí o, oṣù karùn-ún á wọlé, àgbàdo á máa ká ewé lókè ebè, ìjọ á sì kéde àdúrà òjò. Ọkùnrin eléèédú wa ló ń jókòó níwájú, torí òun ló dáwó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Pásítọ̀ á wàásù ìyàn inú Mátíù kẹrìnlélógún. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ìyàn inú igbó àyín. Mo mọ̀ pé èédú tiwa nìkan kọ́ ló da òjò ayé rú, ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá òkè òkun ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bọ́ láṣọ, tí ọ̀gbàrá ń gbá yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ lọ lójú wa, Mátíù kọ́ ló bọ́ ọ.

Bí a bá ń wá ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti pariwo pé ayé ti parí, ọmọ agbègbè wa yìí kan wà. Òṣogùn nítòsí Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Àjàyí sí, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ó jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá nígbà tí ogun dé bá ìlú wọn lọ́dún 1821. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà lọ́dún 1837. Ó ní àwọn ìyá ṣì ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé, kò sì ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ tí ọ̀tá fi wọ ìlú. Wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n gbà á pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1846.

Onígbàgbọ́ ni nígbà tó ń kọ lẹ́tà yẹn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀ fún ibi tí ìpọ́njú náà gbé òun dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tún kọ. Ó ní ìlú náà ní ènìyàn bí 12,000, ó lè kó jagunjagun 3,000 jọ. Ó ní nǹkan bí ẹnubodè mẹ́fà ló wà láti ṣọ́, pé ọgbà ìlú ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò lágbára, àti pé àwọn ọkùnrin kan kò sí nílé. Ó sọ àwọn tó gbógun wá: Fúlàní wà nínú wọn, Yorùbá mùsùlùmí wà níbẹ̀, àwọn ẹrú àjèjì tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Kò fi èyí tó jẹ́ Yorùbá pamọ́. Ọkùnrin yìí ló ṣe baba fún iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì tí ó jáde lódindi ní èdè wa lọ́dún 1884, pẹ̀lú Ìfihàn àti ẹranko rẹ̀. Ó mọ ìwé ìgbà ìkẹyìn ju gbogbo àwọn wòlíì orí WhatsApp lọ, síbẹ̀ ó ka ẹnubodè. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tiwa ló kọ lẹ́tà náà, ohun tí ì bá wà nínú rẹ̀ ni: àmì ìgbà ìkẹyìn rèé o, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán.

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngán ní Ìbàràpá, tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n dáná sun ààfin ọba, ó sì kéré tán ènìyàn mọ́kànlá ló kú. Bí ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni èyí lẹ́yìn tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ àga ìwàásù ní agbègbè wa ló fi ìdáhùn kan náà bo ìbéèrè mọ́lẹ̀: ogun àti ìdágìrì ogun, ìwé mímọ́ ń ṣẹ. Bó bá ń ṣẹ, ó ń ṣẹ. Síbẹ̀, ẹlẹ́ran ara ló gun ọ̀kadà wá. Ojú ọ̀nà kan ni wọ́n gbà, ẹnìkan ta epo fún wọn, ẹnìkan ló yẹ kó wà lẹ́nu ìṣọ́, ẹnìkan sì wà tó di owó ìṣọ́ náà mọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ìgbà Ìkẹyìn.

Pọ́ọ̀lù rí irú èyí rí. Àwọn kan ní Tẹsalóníkà gbọ́ pé Olúwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, wọ́n jókòó, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àpọ́sítélì náà kò bẹ̀ wọ́n, ó ní kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ má jẹun. Jeremáyà ńkọ́? Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wàásù pé ìlú yóò ṣubú, ṣùgbọ́n ó san ṣékélì mẹ́tàdínlógún lórí ilẹ̀ kan ní Ánátótì, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi ìwé ilẹ̀ sínú ìkòkò. Ìyàtọ̀ òun àti ẹni tó fi àfọ́kù ìgò sórí ọgbà ni pé Jeremáyà ra tirẹ̀ ní gbangba, kí ìlú lè mọ̀ pé wọ́n ṣì máa kọ́ ilé, wọ́n ṣì máa gbin àjàrà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ máa wàásù bíbọ̀ Jésù lọ, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ìṣọ́ òru tó ń bọ̀, kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ bi ìjọ léèrè iye ọ̀nà tó wọ Ìgànná láti ìhà ààlà Bẹ̀nẹ̀, ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ẹni tó fún àwọn eléèédú láṣẹ láti gé igi emi tó kẹ́yìn lóko yín. Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ sí ààfin ọba wa, Sabigànná, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.